Nígbà Tí Káńsù Di Oníbàárà Wa: Ìtàn Òfin Ẹ́lípíò Nínú Ẹgbẹ́ Yìí

Àwọn ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé ìrántí yìí ní ká kọ ìtàn díẹ̀ sí i, wọn kò sì fi wá sílẹ̀ láti mú èyí tó wù wá. Wọ́n ní ká kọ nípa ọ̀rọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ ní ìpàdé gbogboogbò wa tó kọjá, ìyẹn ọ̀rọ̀ ẹ́lípíò.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ rántí bó ṣe rí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó ń ta ohun èlò ilé ìwé dìde, ó ní káńsù ti fún òun níṣẹ́ pé kóun kó bébà, bírò àti ìwé àkọsílẹ̀ wá, ìwé àṣẹ rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ òun yìí, kí ẹgbẹ́ yá òun lówó. Akọ̀wé ṣí ìwé òfin ẹgbẹ́, ó kà á sétí gbogbo wa pé ẹgbẹ́ kì í yá ẹnikẹ́ni lówó nítorí ẹ́lípíò. Àwọn ọ̀dọ́ ní òfin yẹn ti gbó. Àwọn ìyá àgbà ní kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, wọn kò mọ ohun tójú rí kí òfin náà tó wà. Òótọ́ ni, wọn kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló sọ ọ́ fún wọn rí? Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ èyí.

Ìjọba kì í dá oko, kì í sì í hun aṣọ. Gbogbo ohun tó bá ń lò, láti orí ìgbálẹ̀ dé orí ìrẹsì, ọjà ló ti ń wá. Àmọ́ àsìkò ogun Hitler ni àwọn ìyá wa kọ́kọ́ rí i gbangba irú oníbàárà tí ìjọba lè jẹ́. Ní Abẹ́òkúta, wọ́n bu iye ìrẹsì tí ìlú gbọ́dọ̀ kó sílẹ̀ fún ìjọba. Wọ́n ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà, ní iye tí kò tó iye ọjà tàbí kí wọ́n gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ ìrẹsì yìí wà lára ohun tó mú àwọn obìnrin ọjà lọ bá Arábìnrin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà síta, gbígba ìrẹsì dáwọ́ dúró. Gbogbo wa la mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbà dé: ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta, wọ́n bá owó orí obìnrin jà, Aláké Adémọ́lá Kejì sì fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1949.

Ní Èkó, gàrí ni tiwọn. Ìjọba fi iye lé oúnjẹ, ọ̀gá òyìnbó kan tó ń jẹ́ Captain Pullen ló ń darí ètò náà. Ìjọba fúnra rẹ̀ ń ra gàrí, ó sì ń tà á ní iye tí òun dá, bí ẹni pé àwọn tó ń gbé e wá láti oko kò san owó ọkọ̀. Àlímọ̀tù Pẹlẹwúrà, ẹlẹ́ja tó jẹ́ olórí ọjà Ereko àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà Èkó, kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n rọ̀ ọ́ pé kó bá ìjọba fọwọ́ sí i, kò gbà. Nígbà tó di 1945, ètò Pullen ti kásẹ̀ nílẹ̀. Pẹlẹwúrà kò kàwé, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹni tó bá ń ra ọjà tó tún ń dá iye rẹ̀, kì í ṣe oníbàárà mọ́.

A mú ìtàn yìí wá nítorí pé òun ló jẹ́ ká lóye ohun tí tẹ́ńdà wà fún. Nínú tẹ́ńdà, ọlọ́jà ló ń dárúkọ iye, ìjọba á wo gbogbo iye tí wọ́n dárúkọ, á sì mú èyí tó dára tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ẹnikẹ́ni kò ní gba ọjà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lórí ìwé, ohun tí àwọn ìyá Èkó àti Abẹ́òkúta ń béèrè gan-an nìyẹn. Ibi tí ìyà ti wá ń jẹ wá ni ohun tó wà láàárín ìwé àti owó.

Ní 1952, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ṣe òfin ìjọba ìbílẹ̀ tuntun, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló ń bójú tó o. Òfin yẹn ló fi káńsù tí ará ìlú dìbò yàn dípò èyí tó wà lọ́wọ́ ọba àti olóyè. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955, ẹ ro ó wò: àga, tábìlì, ẹfun ìkọ̀wé, korobá, ìgbálẹ̀, ìlù ilé ìwé pàápàá. Ìjọba kò lè lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ ra ìgbálẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ló jẹ ẹ́ jù, àwọn obìnrin ń jẹ èyí tó bá já bọ́.

Ọdún 1976 ló wá sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Ìjọba ológun ìgbà náà tún gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ṣe, wọ́n sọ ọ́ di irú kan náà káàkiri Nàìjíríà, ó jẹ́ 301 nígbà náà, wọ́n sì ní kí owó máa ti àpò àpapọ̀ wá fún un. Ó ń pọ̀ sí i títí ó fi di 774 ní 1996. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti dá tuntun sílẹ̀ ni wọ́n ti nílò tábìlì, kátìnì, bébà, ọṣẹ, oúnjẹ àlejò. Káńsù di oníbàárà tó sún mọ́ ìsọ̀ wa jù lọ nínú gbogbo ìjọba. A lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Wọ́n sì mọ orúkọ wa, torí àwọn náà ló ń gba owó ìsọ̀ lọ́wọ́ wa.

Káńsù ní ìwé ìlànà ìnáwó tirẹ̀, Financial Memoranda ni wọ́n ń pè é. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé bí ọjà ṣe ń di owó gẹ́gẹ́ bó ṣe wà níbẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa tó ti kó ọjà lọ kò mọ̀ ọ́n délẹ̀. Ẹ̀ka tó fẹ́ nǹkan á kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n á gba ìwé iye owó lọ́wọ́ ọlọ́jà bíi mẹ́ta. Ẹni tí wọ́n bá mú, wọ́n á kọ ẹ́lípíò fún un, ìyẹn ìwé àṣẹ pé kó kó ọjà wá. Ó á kó o lọ sí sítọ̀, olùtọ́jú sítọ̀ á kà á, á fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kọ fáúṣà, àwọn ọ́dítọ̀ inú ilé á yẹ̀ ẹ́ wò, ó á dé ọ̀dọ̀ akápò, kí sọ̀wédowó tó jáde. Tí ẹsẹ̀ kan bá yẹ̀ níbẹ̀, owó á jókòó.

Ohun kan wà tí kò hàn sí ẹni tó wà lójú ìsọ̀. Fóòtì ni wọ́n ń pè é. Fóòtì ni iye owó tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ nínú ètò ìnáwó ọdún fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ́lípíò tó ní fóòtì lẹ́yìn, tí akápò sì ti fọwọ́ sí, ìlérí káńsù ni. Èyí tí kò ní, ìlérí ẹnì kan ni. Méjèèjì jọra wọn bí ìbejì: bébà kan náà, òǹtẹ̀ kan náà. Àwa obìnrin tó ń ṣí owó náírà sínú oòrùn wò kí a tó gbà á, a kò ṣí ẹ́lípíò wò.

Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀. Aṣọ ló ń tà. Ọmọ rẹ̀ mọ ẹnì kan tó mọ alága káńsù kan tí a kò ní dárúkọ rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ìyá kó ọjà fún wọn, owó jáde láàárín oṣù kan. Ìyẹn ló fi gbogbo wa lọ́kàn balẹ̀. Lọ́dún 1993, wọ́n wá fún un ní ẹ́lípíò mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan jẹ́ ti aṣọ tí wọn yóò fi rán yúnífọ́ọ̀mù àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó, ọ̀kan jẹ́ ti kátìnì ọ́fíìsì, ẹ̀kẹta jẹ́ ti aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìgbẹ̀bí. Owó ọwọ́ ìyá kò ká a. Ó wá bá ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ yá a, àwọn onídùúró méjì fọwọ́ sí i. Owó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ohun tí a ní ní báńkì. A kò bẹ̀rù, ìjọba mà ni!

Ìyá kó ọjà pé. Olùtọ́jú sítọ̀ kà á, ó fọwọ́ sí i. Wọ́n ní fáúṣà ti wà lọ́dọ̀ akápò, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ di oṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú lọ́dún yẹn. Wọ́n fagi lé ìdìbò June 12, gbogbo ìlú dàrú. Ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá, Ọ̀gágun Sani Abacha gba ìjọba. Lọ́jọ́ kejì, ó tú gbogbo ohun tí a dìbò yàn ká, àti àwọn alága káńsù pẹ̀lú.

Nígbà tí ìyá tún padà lọ, ẹni tí kò rí rí ló bá lórí àga. Ìyá kí i, ó kúnlẹ̀, ó kó ẹ́lípíò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde. Ọkùnrin náà wò ó, ó ní òun kọ́ ni òun fi iṣẹ́ rán an, kó lọ bá ẹni tó rán an níṣẹ́. Ìyá máa ń sọ fún wa pé bó ṣe ń sọ̀rọ̀ yẹn, kátìnì tí òun kó wá ló ta sí fèrèsé lẹ́yìn rẹ̀.

Lóòótọ́, nínú òfin, káńsù kì í ṣe alága. Alága lè lọ, káńsù wà síbẹ̀, gbèsè káńsù sì wà síbẹ̀ pẹ̀lú. A lọ bá agbẹjọ́rò, ó sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Lẹ́yìn náà ló wá yẹ ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò dáadáa, ó fi ìka han ibì kan ní ìsàlẹ̀. Ìwé kan péré ni akápò fọwọ́ sí. Méjì tó kù, alága nìkan ló fọwọ́ sí i, kò sì sí nọ́ńbà fóòtì kankan lórí wọn. Ó ní òun lè pe ẹjọ́, àmọ́ kí a ro owó agbẹjọ́rò, kí a ro ọdún tí ẹjọ́ yóò gbà. Nígbà tí a ro ó, a rí i pé gbèsè tuntun la fẹ́ dá sórí gbèsè.

Owó ẹ́lípíò kan jáde lẹ́yìn bí ọdún méjì, èyí tí akápò fọwọ́ sí. Náírà tó jáde kì í ṣe náírà tí a fi ra aṣọ mọ́, gbogbo wa mọ bí nǹkan ṣe gbówó lórí láyé Abacha. Méjì tó kù kò jáde títí dòní. Ìyá ta gbogbo ohun tó kù nínú ìsọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn onídùúró ta ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀, òun náà sì ni ohun tó fi ń jẹun. Lọ́dún yẹn, ẹgbẹ́ kò pín èrè. Àwọn kan gba owó wọn, wọ́n lọ, a kò dá wọn lẹ́bi. Ìyá san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán, kò bẹ̀ wá pé ká fagi lé e. Òfin tí akọ̀wé kà sí yín létí, ìpàdé tó tẹ̀lé ìyẹn ló ti jáde. Ìyá fúnra rẹ̀ ló dá a lábàá.

Ohun tó ṣe wá kò yọ àwọn ẹlòmíràn sílẹ̀. Láàárín ọdún 1990 síwájú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó oṣù àwọn tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò nínú owó káńsù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ káńsù ló jẹ́ pé tí wọ́n bá yọ ọ́ tán, kò sí nǹkan tó kù. "Zero allocation" ni àwọn oníwèé ìròyìn ń pè é, ọ̀rọ̀ náà sì di ohun tí ará ọjà pàápàá ń sọ. Òfin ọdún 1999 tún ní kí owó káńsù kọ́kọ́ wọ àpò kan tí ìpínlẹ̀ ń tọ́jú. Nígbà tí ìjọba Èkó dá káńsù tuntun 37 sílẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ kò sì gbà á, wọ́n dá owó àwọn káńsù Èkó dúró ní 2004. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní kò tọ́ kí wọ́n dá a dúró, ní oṣù kejìlá ọdún kan náà. Síbẹ̀, 2007, nígbà tí Yar'Adua dórí oyè, kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ẹni tó bá ti kó ọjà fún káńsù Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ 2004, ẹ ṣírò oṣù tó fi dúró.

Àwọn òfin tuntun wá dé, wọ́n sì dára. A kò ní parọ́ mọ́ wọn. Láyé ìjọba Ọbásanjọ́, láti 2001, wọ́n dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀ sí Due Process, Arábìnrin Oby Ezekwesili sì ni olórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé kí owó tó jáde fún iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iye rẹ̀ tọ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 2007, Yar'Adua fọwọ́ sí òfin rírajà ìjọba. Nínú òfin yẹn, tí wọ́n bá ń béèrè iye owó fún ọjà kékeré, ó kéré tán ọlọ́jà mẹ́ta tí kò bá ara wọn tan ló gbọ́dọ̀ dárúkọ iye. (Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi orúkọ ilé iṣẹ́ mẹ́ta kọ̀wé pẹ̀lú bírò kan náà, ẹ ti gbọ́.) Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí àpòòwé tẹ́ńdà níwájú àwọn tó kọ ọ́. Bí wọ́n ṣe kọ òfin náà ní 2007, owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ fún ọmọ ilẹ̀ wa. Bí ọjọ́ 60 bá kọjá lẹ́yìn tí ọlọ́jà kó ìwé owó rẹ̀ sílẹ̀ tí wọn kò san án, èlé yẹ kó gorí i. Ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ sì lè kọ̀wé fi ẹ̀hónú hàn, òfin dá ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi dá a lóhùn.

Ọjọ́ 60! Nígbà tí wọ́n kà á fún ìyá, ó rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ ìjọba àpapọ̀ ni òfin yẹn wà fún. Kò de ìpínlẹ̀, kò sì de káńsù. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní láti ṣe tirẹ̀. Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2011. Àwọn mìíràn pẹ́ kí wọ́n tó ṣe é, àwọn kan jẹ́ pé ètò Báńkì Àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, tó ń fún ìpínlẹ̀ lówó bí wọ́n bá tún ètò ìnáwó wọn ṣe, ló tì wọ́n síbẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi òfin Àbújá halẹ̀ mọ́ akápò káńsù kó tó béèrè èyí tó wà ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀.

Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ ni ìwé. Ẹ wo ìpolówó tẹ́ńdà ìjọba àpapọ̀ nínú ìwé ìròyìn. Wọ́n á ní kí o mú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ wá, ìwé owó orí ọdún mẹ́ta, ìwé owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ rẹ, ìwé ITF, ìwé NSITF, àkọsílẹ̀ ìnáwó tí ọ́dítọ̀ yẹ̀ wò, ẹ̀rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí o ti ṣe rí. A mọ ìdí tí wọ́n fi ń béèrè rẹ̀, kí wọ́n má baà gbé iṣẹ́ fún ẹni tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, tó jẹ́ pé inú báàgì ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n rò. Ẹni tó wà nínú báàgì yẹn ló ní gbogbo ìwé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ní ìwé. Obìnrin tó ní àpò ìrẹsì ọgọ́rùn-ún nínú sítọ̀, tó mọ ibi tí ìrẹsì ti ń wá, tó mọ èyí tí yóò pọ̀ lórí iná, kò ní òṣìṣẹ́ kankan tí yóò san owó ìfẹ̀yìntì fún, àfi ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń bá a gbé ẹrù. Nítorí náà, oníbáàgì á gba iṣẹ́, á wá sọ́jà, á ra ìrẹsì lọ́wọ́ wa láwìn, á fi owó lé e, á kó o lọ fún káńsù. Bí káńsù kò bá san án, kò ní san wá. Òfin tó wà láti gba káńsù lọ́wọ́ oníbáàgì ló gbé oníbáàgì sí àárín àwa àti káńsù. Àwọn ọmọ wa wà lára àwọn agbaṣẹ́ṣe wọ̀nyí, ẹ má bínú, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni.

Ẹgbẹ́ gbìyànjú láti gbé e gba ibòmíràn. A ronú pé bí ọlọ́jà kan kò bá lè ní gbogbo ìwé wọ̀nyẹn, ẹgbẹ́ lè ní in lórúkọ gbogbo wa. Ó ṣe tán, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti wà nínú òfin láti 1935, ó ti pẹ́ ju ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ lọ nílẹ̀ yìí. A ní ìwé ẹ̀rí, àwọn ọ́dítọ̀ ìjọba ń yẹ ìwé owó wa wò. A gbé e lọ sí ọ́fíìsì kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gba ìwé wo ìwé ẹ̀rí wa níwájú àti lẹ́yìn, ó ní ti ìpínlẹ̀ nìyí, ti Àbújá ni òun fẹ́. A ṣàlàyé pé ìpínlẹ̀ ló ń forúkọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, mo gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí mo máa mààkì í sí lórí fọ́ọ̀mù yìí." Kò sí ìwà àfojúdi lọ́rọ̀ ọmọ náà. Ó tún bá wa gbé báàgì dé ìsàlẹ̀.

Ẹ má rò pé kò sí ọ̀nà tí ìjọba fi lè ra ọjà kí owó sì dé ọwọ́ obìnrin. Ọ̀sun fi hàn wá. Ìjẹun ọ̀fẹ́ ilé ìwé ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá tún un ṣe ní 2012, wọ́n pè é ní O'Meals. Obìnrin tó ń se oúnjẹ ní àpò báńkì tirẹ̀, owó ń wọ ibẹ̀, òun náà sì ń wá sọ́jà ìtòsí rẹ̀ lọ ra ẹ̀wà àti ẹyin. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2016, ọ̀nà yẹn ni wọ́n tọ̀: owó lọ sínú àpò báńkì alásè. Ṣé ẹ rí ìyàtọ̀? Níbí, ìjọba kò jẹ àwìn lọ́wọ́ ẹni tó ta ẹ̀wà. Kì í ṣe pé ó pé o. ₦70 lórí ọmọ kan ni wọ́n dá, ₦70 náà kò sì yí padà fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà tí ẹyin ń gòkè, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ₦100. Ọ̀rọ̀ Captain Pullen ni, ìjọba tún ń dá iye. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ dá ètò náà dúró pẹ̀lú àwọn ètò ìrànwọ́ mìíràn, àwọn alásè sì padà sílé.

Ohun tuntun tí àwọn ọ̀dọ́ gbé lé wa lórí ní ìpàdé ni ìdájọ́ ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní kí owó káńsù máa lọ sọ́dọ̀ káńsù tààrà, kí ìpínlẹ̀ má dì í mú mọ́, káńsù tí a kò sì dìbò yàn kò ní ẹ̀tọ́ sí i. Wọ́n ní nítorí náà, ìgbà ìyá ti lọ, káńsù yóò lówó, yóò sì máa san gbèsè. A gbà pé ìdájọ́ ńlá ni. Àmọ́ ìdájọ́ 2004 wà níbẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán, ó lé ní ọdún méjì kí owó tó tẹ̀lé e.

Èrò tiwa tí a kọ ìwé yìí ni pé kí a má fagi lé òfin náà pátápátá, kí a má sì fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ọmọ tó dìde ní ìpàdé kì í ṣe ọ̀lẹ, ọjà rẹ̀ dára, káńsù sì nílò rẹ̀. Tí a bá lé e, oníbáàgì ló máa gba iṣẹ́ náà. A fẹ́ kí ẹgbẹ́ yá ẹni tó bá ní ẹ́lípíò tí akápò fọwọ́ sí, tí nọ́ńbà fóòtì wà lórí rẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó bá ti fúnra wọn lọ wò ó ní káńsù. Kó jẹ́ ẹ́lípíò kan lẹ́ẹ̀kan, kí owó àkọ́kọ́ wọlé kí a tó yá a ti èkejì. A sì fẹ́ kí owó tó bá wà nídìí ẹ́lípíò, ti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pọ̀, má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí ẹgbẹ́ ní lọ, kí a má tún ṣe bíi ti 1993. Tí ìdìbò káńsù bá sì ti sún mọ́lé, kí a dúró títí tí alága tuntun yóò fi jókòó. Nínú àwa tí a ń kọ ìwé yìí, ẹnì kan kò fara mọ́ èyí. Ó ní òfin ìyá ni kó dúró, ó sì ní ká kọ ọ́ pé òun sọ bẹ́ẹ̀. A ti kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ náà yóò wá síwájú gbogbo ilé ní ìpàdé tó tẹ̀lé àjọ̀dún. Ẹ́lípíò méjì tí wọn kò san wà nínú fáìlì lọ́dọ̀ akọ̀wé, ìyá ló fi wọ́n síbẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ẹ́lípíò tí kò ní fóòtì ṣe ń rí, kó béèrè rẹ̀ kó tó dìbò. Bébà wọn ti pọ́n, òǹtẹ̀ wọn ṣì hàn dáadáa.